Ọdún Wo Ni Ìlú Náà Wà? Ìtàn Nínú Ilé Kéékèèké Ẹ̀bá Ojú Irin

Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè fi ń gbádùn ìgbà ìsinmi wọn. Wọn a tẹ́ ojú irin kékeré sórí tábìlì gbọọrọ, wọn a gbé ọkọ̀ ojú irin tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ lé e lórí, wọn a sì kọ́ ìlú yí i ká: ibùdó ọkọ̀, ilé ìtajà, ilé ìjọsìn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àní títí kan ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè ra àwọn ilé náà lọ́jà, kí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ó sì gbé wọn kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí kì í sábà rà. Wọn a mú páálí, pákó tẹ́ẹ́rẹ́, okùn àti ọ̀dà, wọn a sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, gẹ́gẹ́ bí ilé gidi kan ti rí ní ọdún kan pàtó.

Ẹni tí kò bá ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ yóò sọ pé eré ọmọdé ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi yé àwa olùkọ́ ni pé ẹ̀ka kan nínú ẹ̀kọ́ ìtàn ni iṣẹ́ yìí, ẹ̀ka tí ó sì le ni pẹ̀lú. Ẹni tí ń kọ ìtàn sínú ìwé lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ibi tí kò mọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ ilé kékeré kò rí ibi fi ara pamọ́ sí. Ó gbọdọ̀ mọ iye fèrèsé tí ó wà ní òkè, ó gbọdọ̀ mọ bí páànù ni a fi kan òrùlé tàbí ewé, ó sì gbọdọ̀ mọ bí ògiri náà ti ga tó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó gbọdọ̀ mọ ọdún tí òun ń kọ́. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlú rí. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ yìí ń bi ara rẹ̀ kì í ṣe "Ìlú wo?" nìkan, bí kò ṣe "Ọdún wo?"

Ẹ jẹ́ kí a fi Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, dán ìbéèrè yìí wò. Etí omi fífẹ̀ kan tí ó ti inú òkun wọ ilẹ̀ ni ìlú náà wà, àwọn ẹ̀yà Mpongwe ni wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ kí òyìnbó tó wá tẹ̀dó. Ní 1839, Bouët-Willaumez, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Faransé, bá Ọba Denis, ẹni tí orúkọ ìbílẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Rapontchombo, ṣe àdéhùn ní apá gúúsù omi náà. Ní 1842 àwọn Faransé tún bá Ọba Louis ṣe àdéhùn ní apá àríwá, wọ́n sì kọ́ ilé olódi kan síbẹ̀ ní 1843, èyí tí wọ́n pè ní Fort d'Aumale. Àwọn oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì láti Amẹ́ríkà ti tẹ̀dó sí Baraka ní 1842 kí odi náà tó dúró. Ní 1844 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì dé.

Ní 1846 àwọn ọmọ ogun ojú omi Faransé mú ọkọ̀ kan tí ń kó ẹrú, orúkọ rẹ̀ ni Elizia. Ní 1849 wọ́n mú díẹ̀ nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ náà wá sí ẹ̀bá odi, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n dó. Iye wọn kò ju bí àádọ́ta ènìyàn lọ. Abúlé wọn ni a pè ní Libreville, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ìlú Òmìnira. Àwa ọmọ Yorùbá mọ orúkọ yìí ní èdè mìíràn: Freetown ni, ìlú tí a gbé Àjàyí Crowther dé ní 1822 lẹ́yìn tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn akẹ́rú, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sàró sì ti gbéra wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ Libreville ti 1849 sórí tábìlì, ilé àwọn Mpongwe ni yóò kọ́kọ́ kọ́, èyí tí ògiri rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀pá ògùrọ̀, tí òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ ti ewé ọ̀pẹ. Yóò wá fi odi Faransé àti abúlé àwọn tí a tú sílẹ̀ kún un. Bí ó bá fẹ́ ti 1890, yóò tún fi ilé pákó àwọn òyìnbó kún un, àwọn ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ yí ká kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn. Ní àdúgbò Glass, tí a fi orúkọ olórí Mpongwe kan pè, ni àwọn ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì bí Hatton and Cookson àti John Holt gbé ń ṣòwò. Orúkọ John Holt kò sì ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Ní àkókò yìí Libreville jẹ́ olú-ìlú Kóńgò ti Faransé, láti 1888 títí di 1904, kí ipò náà tó bọ́ sọ́wọ́ Brazzaville.

Ṣùgbọ́n níbo ni ọkọ̀ ojú irin wà nínú gbogbo èyí? Kò sí níbì kankan. Igi okoumé, tí òkìkí Gabon kàn nítorí rẹ̀, ojú omi ni a ń gbà léfòó wá sí etí òkun. Èròjà ilẹ̀ tí a ń pè ní manganese, tí a ń wà ní Moanda, okùn irin tí a ta sókè fún kìlómítà 76 ni ó ń gbé e láti 1962 lọ sí Mbinda ní ilẹ̀ Kóńgò, kí ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ ọ̀hún tó gbé e dé èbúté Pointe-Noire. Ọdún 1974 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin Transgabonais. Ní 1978 ó ṣí láti Owendo, ní ẹ̀gbẹ́ Libreville, dé Ndjolé; ní 1983 ó dé Booué; ní ìparí 1986 ó dé Franceville. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 640.

Ẹ ka àwọn ọdún wọ̀nyí dáadáa. Láti 1849 tí a tẹ Libreville dó títí di 1978 tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọdún 129 ni. Ní ọdún kan ṣáájú, ní 1977, ni ìpàdé àwọn olórí Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Áfíríkà wáyé ní Libreville, ìjọba sì ti kọ́ ọ̀nà gbòòrò àti ilé ńláńlá sílẹ̀ dè wọ́n. Ìlú tí ọkọ̀ ojú irin bá níbẹ̀, ìlú sìmẹ́ǹtì àti dígí ni. Ẹni tí ó bá wá gbé ọkọ̀ Transgabonais kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi 1843 àti ilé ewé ti pa irọ́, bí ilé kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wuni. Ohun tí ó bójú mu ni kí ó kọ́ Owendo ti ìgbà náà, pẹ̀lú ìdì igi tí ń dúró de ọkọ̀ òkun. Bí ó bá sì fẹ́ fi ilé kan tí ó ní ẹwà àrà ọ̀tọ̀ han àárín Libreville ti ìgbà náà, kí ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Michel ti Nkembo sí ọ̀tọ̀, ilé tí òpó igi 31 tí Zéphyrin Lendogno gbẹ́ yí ká. Òpó 31 kì í ṣe ọgbọ̀n, kì í sì í ṣe 32. Ẹni tí ó bá ń ṣe àwòṣe ilé náà kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò kà á.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó, ní 1901 ni a sì ṣí i dé Ìbàdàn. Nígbà yẹn àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá ti kún ìlú, ilé wọn pẹ̀lú fèrèsé onírun-òṣùmàrè àti ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ǹtì ara ògiri ti di ohun àmúyangàn. Ilé ìdílé Fernandez ní Tinúubú, tí a wá ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar, ti wà láti 1855. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ti ṣí ní 1894. Nígbà tí ó di 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tún ń gba orí afárá Carter kọjá láti Ìdó wọ inú erékùṣù Èkó. Ojú irin rẹ̀ fún ju ti ọkọ̀ ńlá lọ, ó sì wà títí di 1933. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́ Èkó ti 1910 lè jẹ́ kí ilé Àgùdà àti èéfín ọkọ̀ ojú irin pàdé lórí tábìlì kan náà, kò sì ní sí irọ́ níbẹ̀. Ìlú méjì ni wọ́n, etí òkun kan náà ni wọ́n wà, àwọn tí a tú sílẹ̀ lóko ẹrú ni wọ́n sì lọ́wọ́ nínú ìdàgbàsókè méjèèjì, síbẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n fún ìbéèrè "Ọdún wo?" kò bára mu rárá. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìtàn.

Lẹ́yìn ọdún ni ìwọ̀n. Ojú irin àwòṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ní ọjà àgbáyé, mílímítà 16.5 ni àlàfo àárín irin rẹ̀ méjèèjì. Àlàfo ojú irin Transgabonais gidi jẹ́ mílímítà 1,435. Bí a bá fi 16.5 pín in, a ó rí i pé àwòṣe náà jẹ́ ọ̀kan nínú 87. Ṣùgbọ́n ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mílímítà 1,067 ni, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí a bá fẹ́ lo irin àwòṣe kan náà fún un, àwòṣe wa yóò súnmọ́ ọ̀kan nínú 64. Ilẹ̀kùn tí ó ga ní mítà 2 yóò di mílímítà 23 ní Owendo, yóò sì di mílímítà 31 ní Ẹbúté Mẹ́ta. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ga ní mítà 9 yóò ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 ní Èkó wa yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ ha rí ẹ̀kọ́ ìpín tí ó ní ìdùnnú jù báyìí lọ bí? Ọmọ tí ó bá ṣi ìṣirò náà ṣe kò nílò kí olùkọ́ fi gègé pupa fà á. Ènìyàn inú àwòṣe rẹ̀ ni kò ní lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àbá lásán ni mo ń dá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnì kan tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 1925, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilẹ̀ Ọsirélíà, Roye England, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ràn àfonífojì kan tí a ń pè ní Vale of White Horse, níbi tí àwọn ilé àgbẹ̀ àtijọ́ olórùlé koríko pọ̀ sí. Bí ó ti ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé náà ń yí padà: a ń tú koríko kúrò lórí òmíràn, a sì ń wó òmíràn lulẹ̀. Kò ní owó láti rà wọ́n, kò sì ní àṣẹ láti dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ni ó ṣe. Ó wọn wọ́n, ó ya àwòrán wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi páálí kọ́ wọn ní ọ̀kan nínú 76, bí wọ́n ti rí láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Ní 1954 ó dá ilé ìṣúra kan sílẹ̀ ní abúlé Long Wittenham, tí a ń pè ní Pendon. Ó kú ní 1995, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ ní iṣẹ́ kò fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá nínú àwòṣe wọn, ṣùgbọ́n àwọn ilé ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí abúlé àfonífojì náà ti rí ní nǹkan bí 1930 lè lọ wò ó níbẹ̀, kí ó sì rí ohun tí ìwé lásán kò lè fi hàn án.

Báwo ni a ti ń ṣe é? Kò gba irin iṣẹ́ olówó iyebíye. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó wọn ilé náà. Ibi tí ọwọ́ bá dé ni a ó fi téèpù wọ̀n. Fún ibi gíga, a ó mú ọ̀pá gígùn kan, a ó fi ọ̀dà funfun àti dúdú sàmì sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, a ó fi í ti ògiri, a ó sì ya fọ́tò ilé náà láti ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá inú fọ́tò ni yóò máa sọ fún wa bí ohun gbogbo tí ó wà lára ògiri náà ti ga tó. Bí ó bá jẹ́ ilé bíríkì, a ó wọn bíríkì kan, a ó sì ka iye ìlà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Páànù pàápàá a máa sọ̀rọ̀: nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀, láti orí òkè kan sí òkè kejì lára páànù jẹ́ ínǹsì 3. Ẹni tí ó bá ka iye òkè náà lára fọ́tò àtijọ́ ti rí ìbú òrùlé náà, bí ilé ọ̀hún tilẹ̀ ti wó láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Nígbà tí a bá ti ní ìwọ̀n, a ó ya ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà sórí páálí líle, a ó sì fi abẹ mímú gé fèrèsé àti ilẹ̀kùn jáde. A ó lẹ páálí tẹ́ẹ́rẹ́ lé ara wọn ní ìpele-ìpele láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ike tí ojú ń là kọjá ni yóò jẹ́ gíláàsì. Fún páànù, a ó mú bébà fàdákà tí a fi ń wé oúnjẹ, a ó tẹ́ ẹ sórí ìyarun tí eyín rẹ̀ wẹ́, a ó sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wọ àárín eyín náà títí yóò fi ní ìlà bí páànù gidi. Fún ilé pákó Libreville, a lè lo pákó okoumé fúnra rẹ̀, nítorí ó fúyẹ́, a sì ń là á ní tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi ṣe pákó alápapọ̀ ní gbogbo ayé. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà, lẹ́yìn ọ̀dà ni ìpẹtà àti eruku, nítorí pé ilé tí òjò ti ń rọ̀ lé lórí láti ogójì ọdún kì í dán bí àwo tuntun.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ni ní ìtàn. Fọ́tò àtijọ́ sábà máa ń fi iwájú ilé nìkan hàn. Kí ni a ó ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀? Oníṣẹ́ tí ó lójú àánú sí òtítọ́ yóò bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè, yóò wo ilé mìíràn tí oníṣẹ́ kan náà kọ́. Bí kò bá sì rí ẹ̀rí, yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn náà kọjú sí ògiri, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé ibí yìí ni ìmọ̀ òun pin sí. Ìwọ̀n tí a fọkàn rò kò yàtọ̀ sí ilé tí a fi itọ́ mọ. Ìrì ni yóò wó o. Bákan náà ni a kò gbọdọ̀ kọ́ odi òyìnbó nìkan kí a sì gbàgbé abúlé àwọn tí ó ti inú ọkọ̀ Elizia bọ́. Ó rọrùn láti rí fọ́tò ilé gómìnà. Ó ṣòro láti rí ti ilé ewé. Ṣùgbọ́n àwòṣe tí ó fi ilé ewé sílẹ̀ ti sọ fún ọmọdé pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, irọ́ gbáà sì ni.

Kí ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ kánjúkánjú? Ilọ́jọ̀ Bar tí mo dárúkọ lókè, ìjọba kéde rẹ̀ ní 1956 gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìkéde náà kò gbà á là. Ní oṣù kẹsàn-án 2016 a wó o palẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún 161 lórí ilẹ̀ Èkó. Ní ìdàkejì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà nínú ọgbà rélùwéè Ẹbúté Mẹ́ta, tí a kọ́ ní 1898. Ilé Jaekel ni a ń pè é, nítorí ọ̀gá rélùwéè kan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣúra fún ìtàn rélùwéè. Ilé kan lọ, ilé kan kù. A kò lè sọ èwo ni yóò tẹ̀ lé èyí tí ó lọ, ṣùgbọ́n a lè pinnu pé kò ní sí èyí tí yóò lọ láìjẹ́ pé a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ní ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Pólàǹdì, àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ilé yíyà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń wọn àwọn ilé àtijọ́ sórí bébà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1944 àwọn ọmọ ogun Jámánì sọ ìlú náà di òkìtì àlàpà. Nígbà tí ogun parí, àwọn bébà ìwọ̀n wọ̀nyẹn wà lára ohun tí a fi tún àárín ìlú àtijọ́ kọ́. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe láti gba máàkì ni ó di ìpìlẹ̀ tí a fi dá ìlú padà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin olùkọ́ ní ìlú ńlá àti ní ìletò, ẹ má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ yan ilé kan ṣoṣo ní ọdọọdún: ó lè jẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, ó lè jẹ́ ilé-ìwé àwọn oníwàásù, ó lè jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní àdúgbò. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Kí àwọn ọmọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n bi àgbà léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ àti ọdún tí a kọ́ ọ, kí wọ́n fi páálí kọ́ ọ, kí wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n yàn sí ìdí rẹ̀. Kí a pa bébà ìwọ̀n náà mọ́ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí páálí lè jẹrà, ṣùgbọ́n a lè fi ìwọ̀n kọ́ òmíràn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ilé-ìwé náà yóò ní àdúgbò kan lórí tábìlì. Bí ojú irin bá kọjá ní ìlú yín rí, ẹ tẹ́ ẹ sí i. Bí kò bá kọjá rí, ẹ má tẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ yóò béèrè ìdí rẹ̀, ẹ̀kọ́ ìtàn yóò sì bẹ̀rẹ̀.